Eyín Tí Ìwé Ní Wọ́n Ti Yọ Ṣì Wà Lẹ́nu Mi

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin báyìí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé e mì, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè.

Kì í ṣe ìwà rere ló mú mi sọ ọ́. Ẹ̀rù ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà yìn mí níbi tí ìyìn ò sí.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọmọ mi obìnrin, Bísí, yóò mú mi lọ sí ilé ìtọ́jú eyín kan lójú ọ̀nà Ìgandó. Dókítà yóò ní kí n la ẹnu. Yóò wo inú fáìlì mi, yóò wo inú ẹnu mi, àwọn méjèèjì kò ní bára mu. Ìwé ní wọ́n ti yọ eyín kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Eyín náà wà níbẹ̀. Mo ń fi ahọ́n kàn án bí mo ṣe ń kọ èyí.

Olùkọ́ ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé ní agbègbè Ẹgbẹ́dá kí n tó fẹ̀yìntì, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé. Ìyá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létò. Kódà bí mo bá fẹ́ kọ ohun tí mo máa rà lọ́jà, rúlà ni mo fi ń fa ìlà sí bébà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìnṣọ́ránsì tó ń tọ́jú eyín. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi ní màá lọ rò ó.

Mo délé, mo fa ìlà, mo pín bébà sí ọ̀nà mẹ́rin.

Mo kọ ìnṣọ́ránsì sí ọ̀nà àkọ́kọ́. Èèyàn á san owó kan fún ọdún kan, wọ́n á máa yẹ eyín rẹ̀ wò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dí i bó bá lu, wọ́n á yọ ọ́ bó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kò kan eyín àtọwọ́dá. Bí ohunkóhun ò bá sì ṣe eyín ẹni títí ọdún fi yí, owó ti lọ nìyẹn. Mo kọ àjọ sí ọ̀nà kejì. Ọ̀nà kẹta ni kí n máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ pamọ́ fúnra mi lóṣooṣù. Ọ̀nà kẹrin ni kí n má ṣe nǹkan kan títí eyín yóò fi dùn mí, kí n wá lọ bá ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀.

N kì í kọ ohun tí mi ò bá wádìí. Mo wọ mótò lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà lójú ọ̀nà Ìgandó, mo béèrè. Wọ́n ní àwọn máa ń gbà kí èèyàn san owó ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí ọ̀nà kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò pupa yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo wò ó síwá sẹ́yìn, ìnṣọ́ránsì ni mo mú. Mo mọ ara mi. Owó tí mo bá tọ́jú pamọ́, bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ti ní wọ́n lé àwọn nílé ìwé nítorí owó, ibẹ̀ ló ń lọ. Ní ti àjọ, eyín kì í dúró de ọjọ́ tó máa kan ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Ràsákì.

Ìyá Ràsákì ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mo fi ọdún méje jù ú lọ. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ojúlé kan náà là ń gbé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa. Bí mo bá jí tí mi ò bá tíì gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló sùn tì mí fún ogójì ọjọ́.

Mo fi bébà mi hàn án. Ó ń kì òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ máa sanwó àìsàn tí kò tíì ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ ránṣẹ́ pè é ni?”

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ààbò ni.

“Ó dáa. Àjọ tèmi, bí eyín bá dùn mí, màá kó o. Bí kò bá dùn mí, màá kó o. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí kò bá dùn yín, kí lẹ máa kó?”

Mi ò rí èsì fún un. Mo ká bébà mi, mo wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò sì mọ̀ pé ó wọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lo káàdì mi, wọ́n fọ eyín fún mi ní ilé ìtọ́jú ọ̀nà Ìgandó yẹn. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí fáìlì fún mi. Wọ́n bi mí bóyá mò ń lo òògùn kankan, mo ní rárá. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Lẹ́yìn èyí, ohunkóhun ò ṣe eyín mi mọ́. Ìyá Ràsákì á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ọdún ń parí lọ o. Ṣé funfun eyín yín ti tó owó yẹn?” A jọ máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn. Mo máa ń mú káàdì náà jáde, màá wo ọjọ́ tó máa kú, màá dá a padà sínú àpamọ́wọ́.

Nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún rẹ̀ pé, eyín mú Ìyá Ràsákì.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, ó fi kànáfùrù síbẹ̀, ó mu òògùn ara ríro, kò lọ. Ní ọjọ́ kẹta, omi ẹ̀kọ nìkan ló lè mu. Àjọ rẹ̀ ti kàn án lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ti fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Kò lówó lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé èmi ò ní owó tí mo lè yá a. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́jọ́. Mo ní in. Ọ̀nà kẹrin tí mo fi bírò pupa kọ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí mo bá mú un dé ibẹ̀ tí mo dúró fún un, wọn ì bá jẹ́ kó máa san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n káàdì yẹn ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé ó máa kú láìjẹ́ pé mo kó nǹkan kan.

Gbogbo wa la mọ bí àjọ ṣe rí. Bó bá kan ẹnì kan láti kó o, tí ẹlòmíràn sì ní ìṣòro tó le jù, ẹni tó kàn lè yọ̀ǹda nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Ìwà ọmọlúàbí ni. Èmi fúnra mi ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé iṣẹ́ mi, wọ́n sì ti ṣe é fún mi nígbà tí mo fẹ́ bí Bísí. Bí mo ṣe ro ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì nìyẹn. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

“Gba nọ́ńbà mi,” mo ní, mo sì na káàdì sí i.

Ó wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?”

“Olè báwo? Owó mi ni. Mo ti san án tán.”

“Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀.”

“Kò sí àwòrán níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Mo ní kó máa pe orúkọ mi títí tí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo kọ́ ọ ní ọjọ́ ìbí mi. Mo ní bí wọ́n bá béèrè bóyá ó ń lo òògùn, kó ní rárá, nítorí ohun tó wà nínú fáìlì mi nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Òògùn ẹsẹ̀ mi ńkọ́?”

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń lo òògùn kan lálaalẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé ara páálí òògùn náà fún un. Èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkókò tí yóò máa lò ó sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo dá a lóhùn pé, “Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ yọ.”

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín náà dùn ún.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ fò, ṣùgbọ́n mi ò ní fò ó. Mùsùlùmí ni Ìyá Ràsákì. Orúkọ Kristẹni ló wà lára káàdì mi. Mo ní kó ṣí híjáàbù rẹ̀ kúrò, kó wé gèlè. Ó ṣe é. Kò wò mí lójú nígbà tó ń wé e.

Ọjọ́bọ̀ la lọ, láàárọ̀. Mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n tó sìn ín wá. A jókòó, kò sí ẹni tó rántí ojú mi. Wọ́n pe àwọn onínṣọ́ránsì, wọ́n fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá oníkáàdì mọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo kà á fún wọn bí ẹni pé fóònù àbúrò mi ló wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì jáde, ó pe orúkọ mi.

Èmi ni mo dáhùn.

Mo ti ní “Mà” kí n tó rántí. Nọ́ọ̀sì náà wò mí. Mo gbọn Ìyá Ràsákì léjìká, mo ní, “Ìwọ ni wọ́n ń pè.” Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Kò gbọ́, ìrora ti gbà á létí.” Ó dìde, ó wọlé.

Ilẹ̀kùn kò tì tán. Dókítà eyín náà, ọmọbìnrin ni, kò tíì ju bí Bísí ṣe rí lọ. Ohùn rẹ̀ tutù. Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ kì í lo òògùn kankan. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti kọ ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí? Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ti ìtọ̀ ṣúgà? Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?”

Ó béèrè rẹ̀ láìsí àbùkù kankan. Ó dárúkọ òògùn náà. Mo mọ̀ pé Ìyá Ràsákì ń dúró, bóyá ó ń retí pé kí n wọlé.

Mo jókòó.

“Mi ò lo nǹkan kan, dókítà.”

Mo ti lé ọmọ kan jáde rí nínú ìdánwò nítorí pé ó wá ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sunkún títí dé ẹnu géètì. Ọmọ yẹn ni mo rántí bí mo ṣe jókòó síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, mi ò dìde.

Wọ́n yọ eyín náà. A padà sílé. Wọ́n ní kó fi eyín di òwú tí wọ́n fi síbẹ̀ mú fún bí ìdajì wákàtí, pé ẹ̀jẹ̀ á dá. Nígbà tí wọ́n kírun ọ̀sán tán ládùúgbò, kò tíì dá. A pààrọ̀ òwú. A tún un pààrọ̀. Ó fi abọ́ kan sórí orúnkún, ó ń tutọ́ pupa sínú rẹ̀. Mo ń sọ fún un pé ó máa dá. Mo ń sọ fún ara mi náà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, fóònù mi dún. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ràsákì nínú ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ káàsán mà. Dókítà eyín ni, màmá. Mo ní kí n béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá.”

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fáìlì ló pè, èmi ni. Ìyá Ràsákì gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ kún. Kò lè sọ̀rọ̀, ojú ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Mo ki ìka bọ ẹnu kí ohùn mi lè rí bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ó ti dá, ọmọ mi. Mo dúpẹ́.”

“Ṣé ẹ ti jẹ nǹkan?”

“Mo ti mu ẹ̀kọ.”

“Ẹ kú ìfaradà mà. Bí ohunkóhun bá yí padà, ẹ pè mí, ó wù kó jẹ́ ìgbàkigbà.”

Gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ni ọmọbìnrin yẹn ṣe. Ó béèrè kó tó yọ ọ́, ó tún béèrè lẹ́yìn tó yọ ọ́. Ìgbà méjèèjì ni mo fi irọ́ dá a lóhùn, àkọ́kọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn, èkejì láti ẹnu tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràsákì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń tún firíìjì ṣe, yà kí ìyá rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó bá a lórí àga, ètè rẹ̀ ti funfun, ó ń pè é, kò dáhùn dáadáa. Ó gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà ibẹ̀ béèrè ẹni tó yọ eyín fún ẹni tó ń lo irú òògùn yìí láìkọ́kọ́ bá àwọn tó fún un ní òògùn náà sọ̀rọ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù. Gbólóhùn yẹn, “díẹ̀ ló kù,” kò tíì kúrò létí mi.

Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Owó tí Ràsákì ná, ó tó yọ eyín gbogbo ará ojúlé wa.

Kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ lọ yọ eyín lójú ọ̀nà Ìgandó. Ó lọ síbẹ̀. Ó sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Dókítà ọmọbìnrin yẹn yẹ ìwé wò, kò rí i. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ìyá àgbàlagbà kan ṣoṣo ni òun yọ eyín fún lọ́jọ́ náà, òun sì ti pè é, ara rẹ̀ le. Òótọ́ tó mọ̀ ló sọ.

Ràsákì rò pé wọ́n ti ya ojú ewé náà ni. Ó pariwo, ó fi fóònù ká ojú ọmọbìnrin náà sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tó lè fi ránṣẹ́ sí. Ó dé orí wáàsáàpù àwọn onílé àdúgbò wa. Mo wò ó. Ọmọbìnrin náà dúró, ó ń sọ pé, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó,” wọn ò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé apànìyàn ni. Àwọn tí mo mọ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta wà níbẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Ràsákì ní ọsibítù. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mo ní, “Jọ̀ọ́, má tíì sọ.” Ó pa ojú dé, ó mi orí. Kò sọ.

Kò pé oṣù kan tí mo fi gba iwájú ilé ìtọ́jú eyín náà kọjá. Dókítà mìíràn ló wà níbẹ̀. Mo fọgbọ́n béèrè. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin yẹn máa lọ sílé ná, pé àwọn aláìsàn ò fẹ́ kó fọwọ́ kan àwọn mọ́. Mi ò mọ ibi tó wà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ eyín.

Láti ìgbà náà, ìbẹ̀rù ló ń bá mi gbé. Bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí, n kì í gbé e. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi ní báńkì, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn fẹ́ dìde.

Ìyá Ràsákì ti kó lọ sí Ayọ̀bọ̀, sílé tí ọmọ rẹ̀ kọ́. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo tún fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó dá mi dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti dárí jì yín kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Èmi náà ní ẹnu, mo sì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lẹ ṣẹ̀ jàre. Ràsákì ṣì ń bú ọmọ yẹn. Bó bá ti gbọ́ ẹni tó fẹ́ lọ yọ eyín báyìí, á bẹ̀rẹ̀. Mo ń wò ó, mo ń dákẹ́. Ṣé irọ́ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún un ni?”

Mo gbé báàgì mi, mo padà sílé.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà ni eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Kì í ṣe eyín yẹn gan-an, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí dókítà ṣe máa wo ọ̀kan tí kò ní rí èkejì. Bísí wá kí mi, ó rí i pé apá òsì nìkan ni mo fi ń jẹun. Òun ló ń tún káàdì mi san lọ́dọọdún báyìí. Ó ní, “Màmá, káàdì wà, ẹ wá jókòó ẹ ń jìyà. Àbí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà yín ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti gba ààyè fún mi ní Mọ́ńdè, lójú ọ̀nà Ìgandó gan-an, torí pé ibẹ̀ ni fáìlì mi wà.

Lánàá, mo tún mú rúlà, mo fa ìlà sí bébà. Mo kọ ọ́ pé mo lè lo ìnṣọ́ránsì, mo sì lè mú owó lọ sí ibòmíràn, ní Ìkòtún bóyá, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, kí n sanwó lọ́wọ́, kí wọ́n ṣí fáìlì tuntun. Mo kọ gbogbo ire tó wà nínú owó ọwọ́. Ó pọ̀. Kò sí ìdúró, kò sí nọ́ńbà lórí fóònù, kò sí ẹni tí yóò ṣí ìwé àtijọ́. Mo kà á tán, mo rí i pé kì í ṣe ìtọ́jú eyín ni mò ń wọ̀n. Ibi tí mo lè sá sí ni mò ń wọ̀n. Mo fa bébà náà ya.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún Bísí kó tó di ọjọ́ Ajé, kí ojú rẹ̀ lórí mi yí padà títí ayé? Ṣé kí n lọ bá Ràsákì ní Ayọ̀bọ̀, kí n jókòó síwájú rẹ̀, kí n sọ fún un pé èmi ni? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo kọ́ ọ ní ABD. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ọmọbìnrin tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé èmi ni? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, kí lẹ máa fẹ́ kí n ṣe?

Bí ìwọ fúnra rẹ bá ń ka èyí, ọmọ mi, ìwọ tó pè mí ní aago mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Irọ́ ni mo pa fún ọ. O ò ṣe àṣìṣe kankan. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ní ti ẹ̀yin yòókù, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ ìnṣọ́ránsì lẹ fẹ́, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ àjọ, ó dára. Bí ẹ ò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ sọ fún ilé ìtọ́jú pé ẹ ò ní, ẹ béèrè bóyá ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀. Ìtìjú ìyẹn kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nọ́ńbà àjọ ṣeé yọ̀ǹda fún ọ̀rẹ́. Káàdì ìtọ́jú kò ṣeé yọ̀ǹda, nítorí kì í ṣe owó ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ara yín ni.

Mo sì ti rí èsì ìbéèrè Ìyá Ràsákì báyìí, ó kàn pẹ́ jù ni. Bí ọdún bá yí tí eyín ò dùn yín, ẹ má wá ohun tí ẹ máa kó. Eyín yín tó pé lẹ́nu yín, òun lẹ kó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ lára mi.